Iná Kẹ̀kẹ́ fún Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọlọ́bẹ

                                                            Ilé Búrẹ́dì Ìrọ̀rùn,
                                                            Òpópónà Ṣówándé,
                                                            Múṣin, Èkó.
                                                            Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta, 1988.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn aláboyún, ẹ sì kú ewu ìṣubú. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Màámà ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀ láti ìgbà tí ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀? Jọmílójú ńkọ́, tó ní òun kò ní jẹ iṣu mọ́ àfi búrẹ́dì Èkó? Ẹ bá mi sọ fún un pé ẹni tó ń pín búrẹ́dì náà kiri ń lálàá iṣu ní gbogbo òru. Ìgunpá yín ńkọ́? Ẹ má ṣe kọ ọ́ sí mi pé ó ti san, nítorí bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń sọ nígbà gbogbo. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọwọ́ náà ti lè tẹ bíréèkì dáadáa.

Ní tèmi, ara mi le bí ọmọ ọlọ. Búrẹ́dì ń tà. Èmi àti Láyí la ṣì jọ ń gbé yàrá kan náà. Láyí ni ọmọ Yaba tí a jọ ń fi kẹ̀kẹ́ pín búrẹ́dì káàkiri Múṣin kí ilẹ̀ tó mọ́. Ènìyàn dáadáa ni, àmọ́ kò dé oko rí láyé rẹ̀. Ó rò pé orí igi ni wọ́n ti ń ká ẹ̀gẹ́.

Fẹ́yìsayọ̀ àbúrò yín fún mi ní lẹ́tà yín nígbà tí mo lọ kí i ní Sùúrùlérè. Ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni mo ti kà á, mi ò tíì bọ́ bàtà. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti sọ bí tọ́ọ̀ṣì tí ẹ fi rọ́bà so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ṣe fò jábọ́ ní Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọlọ́bẹ, tí kẹ̀kẹ́ sì gbé yín lọ lu àpáta nínú òkùnkùn, ara mi bù máṣọ. Ṣùgbọ́n mo ka èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ ní ẹ dìde, ẹ ti kẹ̀kẹ́ náà dé Abà Onígbìn, ẹ sì fi ọwọ́ kan tó kù gbẹ̀bí obìnrin tó ń retí yín, ìyá yè, ọmọ yè. Àǹtí, mo pariwo débi pé àwọn ará ilé Fẹ́yìsayọ̀ yọrí lójú fèrèsé. Mo ní, "Àǹtí mi nìyẹn! Ẹ gbọ́, àǹtí mi nìyẹn!" Fẹ́yìsayọ̀ fà mí lápá wọlé, ó ní kí n má sọ òun di ẹni àpèwò ládùúgbò.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ra búrẹ́dì lọ́wọ́ mi tí kò gbọ́ ìtàn yín. Mo ń sọ fún wọn pé a ní agbẹ̀bí kan nílé tó ń gun kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ òkè lóru, níbi tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò jẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn lọ́sàn-án.

Ọ̀rọ̀ alága ìgbìmọ̀ ilé ìgbẹ̀bí yín ló bà mí nínú jẹ́. Ẹ ní ó sọ pé bí ẹ kò bá rí iná gidi tó lè gbé yín sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó wáyé, òun yóò pàṣẹ pé kí ẹ máa ti ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ọmọ bá mú lóru ní àwọn abà yóò máa dúró de ilẹ̀ mímọ́. Àǹtí, ọmọ wo ló ń dúró de ilẹ̀ mímọ́? Ẹ̀yin fúnra yín kọ ọ́ pé ìyàwó Adéríbigbé ní Abà Onígbìn ti wọ oṣù rẹ̀, àti pé àkọ́bí rẹ̀ kò yè ní ọdún ìjẹta nítorí pé ilẹ̀ ni wọ́n dúró dè. Ṣé kí ó tún dúró ni? Mo mọ̀ pé bàbá náà kì í ṣe ìkà. Ẹ̀rù ló ń bà á kí wọ́n má lọ gbé yín wálé lórí pákó. Ṣùgbọ́n iná la fi ń lé irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ lọ, a kì í fi kọ́kọ́rọ́ lé e. Ẹ má bínú pé mo ń sọ̀rọ̀ sí àgbà báyìí. Ẹ mọ̀ mí, ohun tó bá wà nínú mi ni ẹnu mi ń sọ.

Ẹ wá ní kí n bá yín wá iná náà. Ẹ ṣé tí ẹ kò rán ẹlòmíràn. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo bẹ̀rẹ̀, bí a ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí.

Ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ojúwòyè tí wọ́n ń pè ní Àlájì Yẹ̀kínnì. Ohun èlò kẹ̀kẹ́ nìkan ló ń tà, ó sì fẹ́ràn àríyànjiyàn ju ọjà rẹ̀ lọ. Mo ní iná ni mo fẹ́. Kíá ló gbé dáínámò kan síwájú mi, ó ń dán gbinrin.

Ó ní, "Èyí ni ọ̀gá wọn. Kò fẹ́ òkúta bátìrì kankan. Táyà ló ń yí i, òun náà ló ń tan iná. Títí ayé ni."

Mo ní, "Àlájì, bí táyà bá dúró ńkọ́?"

"Iná á kú náà ni. Ìwọ tó o ti dúró, kí lo tún fẹ́ fi iná ṣe?"

"Òkè ni àǹtí mi ń gùn. Níbi tó bá ti ga jù, wọ́n á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á máa ti kẹ̀kẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni kòtò pọ̀ sí."

"Kí wọ́n máa sáré tì í."

Àwọn oníbàárà tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi sókè, mo ní kí ó fi dáínámò náà kan táyà, kí ó sì rọra fi ọwọ́ yí i bí ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ gun òkè. Ó yí i. Iná náà pọ́n wẹ́rẹ́ bí ìdí tanátaná, ó sì kú.

Mo ní, "Ṣé èyí ni kí àǹtí mi gbé lọ gbẹ̀bí?"

Àlájì ní, "Ọmọ yìí, orí rẹ le o. Ìyá wo ló bí ẹ?"

Mo ní, "Ìyá tó bí mi àti ìyá tó bí àǹtí mi, ọmọ ìyá kan ni wọ́n. Gbogbo wa lorí wa le."

Bí ó ṣe gbé dáínámò rẹ̀ padà nìyẹn, tó wá ń kó àwọn iná olókùúta síta. Ọ̀kan wà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gùn bí ọ̀kọ̀. Ó ń lọ réré, ṣùgbọ́n kò fẹ̀ ju àwo ọbẹ̀ lọ. Ẹ ó fi rí igi tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ kò ní rí òkúta tó wà lábẹ́ táyà yín. Òmíràn fẹ̀ bí ẹní, kò sì lọ jìnnà. Àlájì ní kí n mú ọ̀kan níbẹ̀ kí n máa lọ. Mi ò mú ọ̀kan. Mo ní kí ó jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé èyí tó fẹ̀ lọ dán wò. Nígbà tó rí i pé mi ò ní kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù òun, ó gbà.

Ẹ̀gbẹ́ ojú irin rélùwéè ni èmi àti Láyí gbé e lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nítorí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n kó síbẹ̀ ló jọ ọ̀nà ilé jù ní gbogbo Múṣin. Mo de iná náà mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Kò pẹ́ rárá tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Bí táyà ṣe ń ta sókè ni ìmọ́lẹ̀ ń ta sókè, tí mo ń fi í wo ọ̀run dípò ilẹ̀. Láyí ń sáré bọ̀ lẹ́yìn mi, ó ń kígbe pé, "Ìbíkúnlé, ṣé àwọn áńgẹ́lì lò ń wá ni?" Mo wá ya rọ́bà tíúbù àlòkù, mo fi wé ibi tí irin iná náà ti di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, kí ó lè gbá a mọ́ra. Ó dára sí i. Ṣùgbọ́n òkúta àti kòtò ń dọ́gba lójú mi. Gbogbo ilẹ̀ rí pẹrẹsẹ, táyà sì ń já sí ibi tí mi ò fọkàn sí.

Mo bọ́ sílẹ̀, mo tú iná náà, mo de e mọ́ irin ẹsẹ̀ iwájú tó di táyà mú, kí n lè fi ọwọ́ méjèèjì tún ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó ti wọ́ ṣe. Mo tún gùn ún láìtíì gbé iná padà sókè. Láyí ní, "Iná ẹ ti ya ọ̀lẹ, ó ti sùn sílẹ̀." Mo ní kí ó dákẹ́. Àǹtí, mo ń rí ilẹ̀! Òkúta tí kò tó ẹyin ní òjìji tó gùn. Kòtò dúdú bí ẹnu ìkòkò. Mo rí gbogbo rẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀. Iná tó bá wà lókè ń tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, iná tó bá wà nísàlẹ̀ ló ń fi gbogbo gegele hàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gbé e sókè fún yín.

Ohun kan ló kù. Iná tó wà lára kẹ̀kẹ́, ibi tí kẹ̀kẹ́ bá kọjú sí ló ń wò. Bí ọ̀nà bá yí, kò ní wo ibi tí ọ̀nà yí sí àfi tí ẹ bá ti wọ ibẹ̀. Ẹ mọ bí Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọlọ́bẹ ṣe yí lẹ́ẹ̀kan náà níbi igi àràbà yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi padà lọ mú tọ́ọ̀ṣì kékeré tí wọ́n ń so mọ́ iwájú orí, irú èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gùn bí ọ̀kọ̀. Ibi tí ojú yín bá yí sí, ibẹ̀ ló ń lọ. Iná fífẹ̀ nísàlẹ̀ fún táyà, iná gígùn lórí fún ojú. Láyí ní ẹ ó dà bíi rélùwéè tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ má dá a lóhùn.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ló kàn, ẹ dákun ẹ rọra kà á.

Ní Èkó níbí, ẹ̀yìn ni ikú ti ń wá bá oníkẹ̀kẹ́. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ tí a ń pín búrẹ́dì, bí awakọ̀ tí oorun ń kùn bá ń bọ̀ lẹ́yìn ẹni, gíláàsì pupa tó wà ní ìdí kẹ̀kẹ́ nìkan ló ń gbani. Iná mọ́tò á bà á, á kọ yanran, awakọ̀ á yà fún un. Láàárín wa tí a ń pín búrẹ́dì, ẹni tí kò ní i la ń pè ní òkú ọ̀la. Nítorí náà, nígbà tí mo ra iná yín tán, mo ní ẹ̀yìn àǹtí mi kò gbọdọ̀ ṣófo. Mo mú gíláàsì pupa méjì tó dára jù ní ṣọ́ọ̀bù Àlájì, mo tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lábẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ mi kí n fi wò ó. Láyí ní kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Múṣin. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti parí iṣẹ́.

Ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn Ìwáyà, níbi tí Yaba ti ń sún mọ́ ọ̀sà. Koríko ti bò ó, ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró kan ló gbà á kọjá, ó lọ sókè sódò bíi ti ilé. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ náà sí fún ìgbà ìkẹyìn kí n tó di ẹrù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àṣálẹ́ tán, Nẹ́pà sì ti mú iná lọ ní gbogbo àdúgbò, òkùnkùn náà ṣú bí òkùnkùn oko. Láyí jókòó ní ẹnu ọ̀nà, ó ní ejò wà níbẹ̀. Mo wọ inú rẹ̀ lọ. Àǹtí, ẹ bá rí mi! Mo ń bọ́ nínú kòtò, mo ń jáde nínú kòtò, orí mi ń yí, ìmọ́lẹ̀ ń yí, mo ń kọrin. Nígbà tí mo dé ìpẹ̀kun, mo pa iná méjèèjì kí òkúta má bàa tán, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú kẹ̀kẹ́ láti fọwọ́ kàn án bóyá rọ́bà tíúbù náà ṣì gbá a mọ́ra.

Mo gbọ́ "kà" lẹ́yìn mi.

Ẹni tó bá dàgbà ní Òkè-Ìrókò ilé wa kò ní béèrè ohun tó ń dún bẹ́ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú koríko, mo ké tọ̀ọ́, "Ènìyàn ni o! Ènìyàn ni!"

"Ta nìyẹn? Dìde kí n rí ẹ!"

Mo dìde. Fìtílà kábáàdì tó wà ní orí ẹnì kan tàn sí mi lójú. Bàbá Àkàngbé ni, ọdẹ ará apá Ṣakí tí wọ́n gbà láti máa ṣọ́ ilé pákó tó wà nítòsí ibẹ̀. Iṣẹ́ ló ń lọ. Ó gbé ìbọn rẹ̀ wálẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí lò ń wá nínú koríko? Díẹ̀ báyìí ló kù kí n yìn ẹ́ níbọn!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, kẹ̀kẹ́ ni mo ń dán wò."

"Kẹ̀kẹ́ wo ló ń lajú? Ojú ẹtu ni mo rí. Méjì, wọ́n pọ́n roro, wọ́n ń wò mí. Mo ní Ọlọ́run ti rántí èmi Àkàngbé, ó ti fi ẹtu ránṣẹ́ sí mi ní Yaba."

Láyí ti gbọ́ igbe mi, ó ti sáré dé, ó ti gbàgbé ejò. Ó ní, "Bàbá, ẹtu ní Yaba? Ṣé ọkọ̀ Ìdó ló wọ̀ wá ni?"

"Panu mọ́! Ìwọ tó o lè fi ewúrẹ́ pe ẹtu."

Ni a bá bú sẹ́rìn-ín. Láyí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹ̀rín náà ṣe kú mọ́ mi lẹ́nu. Mo ń wo gíláàsì méjèèjì nínú iná bàbá náà. Wọ́n ń wò mí padà. Bí ojú ẹtu ni wọ́n ga kúrò nílẹ̀, bí ojú ẹtu ni wọ́n sì fi jìnnà síra wọn. Mo wá rántí ẹni tó ń rìn ní Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọlọ́bẹ lóru yàtọ̀ sí yín. Àwọn ọdẹ wa ni. Kò sí mọ́tò kankan lẹ́yìn yín níbẹ̀. Ọdẹ ló wà lẹ́yìn yín, pẹ̀lú iná lórí àti ìbọn lọ́wọ́. Bí ẹ bá ń ti kẹ̀kẹ́ gun òkè, tí ọ̀nà bá sì yí, koríko á bo iná iwájú yín mọ́ ọn lójú, kò sì ní rí ohun mìíràn àfi ojú pupa méjì tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àǹtí, èmi Ìbíkúnlé ni mo fi ọwọ́ ara mi so ojú ẹtu mọ́ ẹ̀yìn yín. Bí kì í bá ṣe bàbá yìí, ǹ bá ti dì í sínú àpò, Fẹ́yìsayọ̀ ì bá sì ti gbé e wá fún yín.

Mo yọ wọ́n lójú ẹsẹ̀. Mi ò ní súkúrú lọ́wọ́, agbára ni mo fi já wọn. Mo sọ ohun gbogbo fún Bàbá Àkàngbé, mo sì bi í léèrè ohun tó yẹ kó wà ní ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ agbẹ̀bí.

Ó ní, "Ohun tó bá ń dún ni. Kí la ń so mọ́ ajá ọdẹ lọ́rùn nílé yín?"

Mo ní, "Ṣaworo."

"Nítorí kí ni?"

"Kí ọdẹ mìíràn má bàa yìn ín níbọn."

"Ẹnu ara rẹ lo fi sọ ọ́. Ẹran kì í wọ ṣaworo."

Láyí tún ní, "Háà, Ìbíkúnlé, àǹtí ẹ náà ti di ajá ọdẹ nìyẹn o." Àǹtí, díẹ̀ ló kù kí n gbá a létí. Ó rí ojú mi, ó bẹ̀ mí. Ó ní kí n kọ ọ́ sínú lẹ́tà yìí pé òun dọ̀bálẹ̀ fún yín, mo sì ti kọ ọ́.

Bàbá Àkàngbé fún mi ní ṣaworo mẹ́ta láti ara ọ̀já ajá rẹ̀ tó ti kú. Mo so wọ́n mọ́ abẹ́ káríà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì a padà sí ibẹ̀. Bàbá náà lọ dúró sínú koríko níbi tí mi ò mọ̀, pẹ̀lú fìtílà rẹ̀, ìbọn rẹ̀ kò sí lọ́wọ́. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ, mo gùn ún bọ̀, mo tì í, mo pa iná, mo fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lóun nìkan nínú òkùnkùn. Nígbà tó jáde, ó ní, "Mo rí iná méjì, ọ̀kan ń wo ilẹ̀, ọ̀kan ń wo iwájú. Mo gbọ́ ṣaworo kí n tó rí wọn. Nígbà tó o pa iná, mi ò rí ojú kankan. Máa gbé e lọ fún ẹni tó ni ín." Mo fò sókè bí ẹni tí wọ́n fi jọba.

Àlájì Yẹ̀kínnì nìkan ló kù tí kò gbà. Nígbà tí mo dá gíláàsì rẹ̀ padà, ó ní òfin ìjọba ni pé kí oníkẹ̀kẹ́ ní i lẹ́yìn. Mo ní òfin títì ọlọ́dà nìyẹn, ọ̀nà tiwa ní òfin tirẹ̀. Ó ní kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Mo ní wọ́n ti fẹ́ fi ọta ìbọn kọ ọ́ sí mi lẹ́yìn, ṣé èyí kò tó? Ó rẹ́rìn-ín níkẹyìn, ó sì fi gílóòbù méjì dọ́pò wọn, ó ní kí ẹ fi ṣe ẹ̀rù-ò-bodò bí èyí tó wà nínú iná bá jó.

Ẹrù náà, iná méjèèjì àti ṣaworo, wà lọ́wọ́ Fẹ́yìsayọ̀, yóò sì gbé e bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Gílóòbù wà nínú òwú, ẹ má fọwọ́ lásán kan ojú wọn. Mo ti yí òkúta kan sódì nínú iná kọ̀ọ̀kan kí ó má bàa tàn nínú àpò lójú ọ̀nà. Ẹ kọ́kọ́ yí i padà kí ẹ tó sọ pé iná Ìbíkúnlé kò ṣiṣẹ́. Bí òkúta bá sì ń kú lọ, ẹ má ṣe sá a sóòrùn bíi ti rédíò Màámà, pé bóyá yóò jí. Ìdajì ọ̀nà ni irú òkúta bẹ́ẹ̀ ti ń dani. Ẹ fi tuntun sí i. Ọ̀rọ̀ owó kò sí nínú lẹ́tà yìí, ẹ má sì dá a sílẹ̀ nínú tiyín.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nìyí, Bàbá Àkàngbé ló sì ní kí n tẹnu mọ́ ọn: ẹ kò gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́ náà lóru kí àwọn ọdẹ tó rí i. Ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ Olúọdẹ ní ọjọ́ tí wọ́n bá péjọ. Ẹ tan iná méjèèjì lójú wọn nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ẹ mi ṣaworo náà kí gbogbo wọn fi etí gbọ́ ọ. Ọdẹ tó bá ti mọ̀ yín lójú òkùnkùn ni yóò máa ṣọ́ yín.

Ẹ bá mi kí Màámà, kí ẹ sọ fún wọn pé mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òótọ́ ni. Ẹ kí ọkọ yín, ẹ kí Jọmílójú, ẹ kí ọ̀gá mi àtijọ́ ní ilé ẹ̀kọ́, ẹ sọ fún un pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi kò tíì dára sí i ṣùgbọ́n ó ń gùn sí i. Ẹ kí àwọn ọdẹ fún mi kí ẹ tó fi iná hàn wọ́n.

Ní ti alága, ẹ má gbé iná náà lọ bá a ní gbọ̀ngàn lọ́sàn-án. Kí ni iná fẹ́ sọ lójú oòrùn? Ẹ ní kí òun àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ wá dúró ní ìsàlẹ̀ Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọlọ́bẹ nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú dáadáa, kí Olúọdẹ dúró tì wọ́n. Kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ yín kí wọ́n tó rí yín, kí wọ́n sì rí yín títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ẹ bá dé ìsàlẹ̀, wọn yóò fẹ́ kí ẹ dúró, wọn yóò fẹ́ yìn yín. Ẹ má dúró, Àǹtí. Ẹ kí wọn pé ó dàárọ̀, kí ẹ máa bá ọ̀nà yín lọ sí Abà Onígbìn, kí ẹ lọ wo bí ìyàwó Adéríbigbé ṣe wà.

Èmi àbúrò yín tó ń fi yín yangàn ní gbogbo Múṣin,

Ìbíkúnlé